Gààrí abẹ́ ìrọ̀rí

Ọjọ́bọ̀, alẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìjẹ̀bú-Òde dé sí Ṣágámù ni. Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n bí n kò bá kọ èyí sílẹ̀, oorun kò ní kùn mí.

Ọjọ́ kejì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa nìyí, àwa òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ìjọba àti àwa tí a ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú ọmọ, lórí bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ tí ojú rẹ̀ ti rí màbo. Láàárọ̀ wọ́n sọ ìwádìí tí àwọn dókítà Felitti àti Anda gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1998: àgbàlagbà tó lé ní 9,000 ni wọ́n bi léèrè ohun tí ojú wọn rí ní kékeré. Bí oríṣi ìyà náà bá ṣe pọ̀ tó ni àìsàn ọkàn àti ọtí àmujù ṣe ń pọ̀ láàárín wọn. Ó yé mi.

Ọ̀sán ni ọ̀rọ̀ wá kàn mí. Olùkọ́ wa ní, "Ta ló ti rí ọmọ tó ń kó oúnjẹ pamọ́ rí?"

Ọmọ ọdún méje ni èyí tí èmi rí nílé ìtọ́jú wa. Inú ọ̀rá ló pọ́n gààrí sí lábẹ́ ìrọ̀rí, eèrà bo bẹ́ẹ̀dì. Mo pè é lólè lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ní kó wo ojú mi, ó wolẹ̀, mo ní agídí ni. Bẹ́ẹ̀ ọmọ tó bá wo àgbà lójú, aláfojúdi la máa ń pè é! Ẹ̀rù ló ń bà á. Ọmọ tí ebi ti fi ojú rẹ̀ rí nǹkan kò gbà pé oúnjẹ ọ̀la wà. Olùkọ́ ní kí a fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní gààrí tirẹ̀ nínú ike olómorí, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bó bá rí i pé kò tán, yóò rọra fi í sílẹ̀.

Màmá kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó béèrè pé, "Ṣé a ò ní ba ọmọ jẹ́ báyìí?" Olùkọ́ dá a lóhùn pé, "Ẹ máa bá wọn wí, mà. Ẹ má kàn dójú tì wọ́n." Ó ka abala 11 òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé Nàìjíríà ti 2003 fún wa, tó ní iyì ọmọ kò gbọdọ̀ di títẹ̀ mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà a ṣe é bí eré: èmi lọmọ, ẹnìkejì mi lòṣìṣẹ́. Ó dúró síwájú ilẹ̀kùn, ó ń bi mí ní ìbéèrè. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, síbẹ̀ àyà mi ń lù kìkì. Mo ronú kan àwọn ọmọ wa tó ń sọ ìtàn kan náà fún ọlọ́pàá, fún wa, fún dókítà, fún kóòtù.

Mo ra ike olómorí méjì kí n tó wọkọ̀. Ọmọ méjì tí wọ́n kó wá lọ́jọ́ Ajé ló ni ín.