Orúkọ MacGregor tí ọba fòfin dè

Lónìí, ní ìtẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì Balquhidder ní ilẹ̀ Scotland, mo dúró pẹ́ níwájú sàréè Rob Roy MacGregor, gbajúmọ̀ akọni kan nínú ìtàn ilẹ̀ náà, ẹni tí ó kú ní ọdún 1734, mo sì ka ohun tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta rẹ̀: “MacGregor, láìka wọn sí”.

“Ọmọ Gregor” ni ìtumọ̀ orúkọ náà, ṣùgbọ́n ní ọdún 1603, Ọba James Kẹfà fòfin dè é, débi pé ẹni tí ó bá kọ̀ láti pa á tì lè fi ẹ̀mí dí i; Rob Roy fúnra rẹ̀ jẹ́ Campbell, orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀. Ọdún 1774 ni wọ́n tó fagi lé òfin yìí pátápátá.

Ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ǹjẹ́ ẹ ti pàdé ìdílé mìíràn tí ìjọba gba orúkọ lọ́wọ́ wọn rí?