Ẹ̀gbẹ́ Wo La Ó Ti Rí Abẹ́òkúta?

Ọjọ́ 26, oṣù Ọ̀wàrà. Abẹ́òkúta.

Àná la ti Àbújá dé. Ó ṣì rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ sùn kí n tó kọ èyí sílẹ̀.

Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti pè pé ìyàwó òun ti bímọ ní Àbújá ni Màámi ti ń palẹ̀ mọ́ fún ìsọmọlórúkọ. Wọn kò wọ bàálù rí láyé wọn. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi pa ẹ̀rù wọn, àfi bí wọ́n ṣe bi mí pé, “Àbẹ̀kẹ́, ṣé a ó rí Olúmọ látòkè?”

Ìbéèrè yẹn ló gbé mi jókòó ti máàpù lóru. Mo fa ìlà láti Ìkẹjà lọ sí Àbújá. Àárín àríwá àti ìlà-oòrùn ni ìlà náà kọjú sí, Abẹ́òkúta sì wà ní àríwá Ìkẹjà gan-an. A jẹ́ pé ẹni tó bá ń lọ, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni ìlú wa wà. Ìbàdàn àti Òṣogbo náà, ọwọ́ òsì ni. Ọwọ́ ọ̀tún ló ni àwọn òkè Ìdànrè, òun náà ló ni Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé. Ká sòótọ́, ọwọ́ ọ̀tún ló ní òkè jù, ẹni tí kò bá ní ìlú tó ń wá lójú ọ̀nà, ibẹ̀ ni kó jókòó sí. Àmọ́ Màámi ní ìlú tí wọ́n ń wá. Tí a bá wá ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ á yí padà: òsì á di ọ̀tún.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ro ti oòrùn. Ẹni tí oòrùn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń ta yànrànyànràn lára díńgí nìkan ni yóò máa rí. Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kò sí ló dáa. Bí bàálù bá ń ti Àbújá bọ̀ láàárọ̀, ẹ̀yìn lápá òsì ni oòrùn wà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì máa bọ́ sórí ilẹ̀ tó wà lápá ọ̀tún, níbi tí Abẹ́òkúta wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ti ìrọ̀lẹ́ tó tilẹ̀ dínwó díẹ̀, tí mo mú ti àárọ̀. Oṣù yìí náà bá wa ṣe é. Òjò ti ń káṣẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ kò sì tíì dé. Tó bá fi máa di oṣù Ọ̀pẹ̀, eruku á ti bo ilẹ̀, ẹni tó jókòó ti fèrèsé kò ní rí ju ẹni tó jókòó láàárín lọ.

Ó wá ku ìlà tí a ó jókòó sí. Nínú bàálù tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, A ni fèrèsé òsì, F ni fèrèsé ọ̀tún. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bọ́ sí ìlà àárín, ìyẹ́ apá bàálù ni ẹ ó máa wò títí ẹ ó fi dé. Ẹ̀yìn ìyẹ́ sàn díẹ̀, àmọ́ ooru ẹ́ńjìnnì máa ń mú kí ilẹ̀ máa gbọ̀n lójú, bí ìgbà tí èèyàn ń wo nǹkan láti ẹ̀yìn ààrò. Iwájú ìyẹ́ ni mo fẹ́. (Àwọn bàálù kéékèèké bí ATR kò ní wàhálà yìí, nítorí òkè fèrèsé ni ìyẹ́ tiwọn wà.)

Èṣí ni mo fi ojú ara mi rí èyí tó kù. Mo sanwó lé ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo débẹ̀, ògiri ni mo bá. Nínú àwọn bàálù kan, páìpù tó ń gbé atẹ́gùn gba inú ògiri kọjá níwájú ìyẹ́, ní nǹkan bí ìlà 10 tàbí 11, wọn kì í sì í ṣe fèrèsé síbẹ̀. Ó dùn mí wọra. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi kí n tó sanwó.

Ìlà 6 ni mo mú ní àlọ àti àbọ̀. Ní àlọ, ìkúukùu bo gbogbo ilẹ̀. Kìkì ìgbà tí a gbéra tí bàálù yí sápá òsì ni Màámi rí nǹkan: afárá Third Mainland nà sórí ọ̀sà bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ lé.

Àná ni ọjọ́ wa. Bí wọ́n ṣe jókòó ti F ni wọ́n ti rí ihò kékeré lára fèrèsé. “Wọ́n ti lu díńgí yìí o.” Mo ṣàlàyé pé ìpele mẹ́ta ni díńgí náà, àárín ni ihò yẹn wà, òun ló ń jẹ́ kí atẹ́gùn ráyè kọjá, kí ìpele ìta lè gbé agbára rẹ̀, kí ìrì má sì bo díńgí. Ọkàn wọn balẹ̀. Nígbà tí iná inú bàálù ń tàn padà sójú wa lára díńgí, wọ́n tú ìborùn wọn, wọ́n fi bo orí àwa méjèèjì àti fèrèsé. Lábẹ́ ìborùn tó ń rùn aró yẹn ni a wà nígbà tí bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀.

Odò ló kọ́kọ́ yọ. Ó pupa rúsúrúsú, ó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín ewé. Màámi gbé iwájú orí ti díńgí. “Odò Ògùn,” ni wọ́n wí. Wọ́n fi ìka tọ ọ̀nà rẹ̀ lára díńgí bí wọ́n ṣe máa ń fi ìyẹ́ adìyẹ fa ẹ̀kọ sára àdìrẹ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Lẹ́yìn náà ni àwọn páànù tó ti dípẹtà wá, wọ́n pọ̀ lọ súà, oòrùn àárọ̀ sì bà lé wọn.

“Olúmọ ńkọ́?”

Mítà 137 ni orí Olúmọ fi ga ju òkun lọ, ṣùgbọ́n láti ibi tí a wà, òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ ti dọ́gba. Mo na ìka sí ibì kan tó dúdú láàárín páànù. N kò lè búra pé òun ni. Màámi ní òun ni. Wọ́n ní, “Ẹsẹ̀ ni àwọn Ṣódẹkẹ́ fi rìn débẹ̀,” wọn kò sì sọ nǹkan mìíràn mọ́ títí táyà fi kanlẹ̀ nÍkẹjà. Ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ. Mo di ọwọ́ wọn mú.

Láàárọ̀ yìí mo gbé oúnjẹ lọ bá wọn nÍtòkú. Ọwọ́ wọn ti wọ aró padà. Oníbàárà kan tó ń lọ sí Àbújá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ dúró tì wọ́n, wọ́n sì ń fi bírò kọ nǹkan sórí bébà tí wọ́n fi di aṣọ rẹ̀: A fún àlọ, F fún àbọ̀.

“Sọ fún wọn pé ìlà 6 lo fẹ́,” ni wọ́n wí. “Kí wọ́n má gbé ọ síbi ògiri.”