Olu Tó Ń Bá Gbòǹgbò Ṣiṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Tí Oko Kọ́ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ilẹ̀ sílẹ̀ lásán láìsí gbòǹgbò tútù nínú rẹ̀. Olu kan wà, tí wọ́n ń pè ní mycorrhiza, tó jẹ́ pé inú gbòǹgbò ló ń gbé. Kì í yọrí síta bí olu tí à ń já jẹ, bí kò bá sì rí gbòǹgbò fún ìgbà pípẹ́, ṣe ni yóò máa kú díẹ̀díẹ̀.

Àgbàdo ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Èyí tí mo gbìn síbi tí kábéèjì ti kúrò kì í tètè dàgbà ní kékeré, etí ewé rẹ̀ a sì di elésè-àlùkò. Èyí tó tẹ̀lé ẹ̀wà kì í rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á ní náítírójìn, oúnjẹ irúgbìn kan, tí ẹ̀wà fi sílẹ̀ ló fà á. Òótọ́ ni pé ẹ̀wà ń fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ ìyeyè ni àìtó náítírójìn ń fún ewé. Elésè-àlùkò, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, oúnjẹ irúgbìn mìíràn, ló ń wá. Kábéèjì àti ẹbí rẹ̀ kì í sì í gba olu yìí sínú gbòǹgbò wọn.

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í rìn nínú ilẹ̀. Bí gbòǹgbò bá ti fa èyí tó wà ní ìwọ̀n mìlímítà 1 sí 2 lẹ́bàá rẹ̀ tán, ó parí nìyẹn. Òwú olu yìí, tó tín-ín-rín ju irun orí lọ fíìfíì, ló ń gba inú ihò tí gbòǹgbò kò lè wọ̀, tí yóò lọ jìnnà ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan, tí yóò sì gbé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti síńkì wálé. Irúgbìn á fún un ní ṣúgà àti ọ̀rá. Àjọṣe wọn ti pẹ́: wọ́n rí olu bẹ́ẹ̀ nínú ewéko tó ti di òkúta ní Rhynie, ní Scotland, láti ohun tó lé ní 400 mílíọ̀nù ọdún. Òwú kan náà ló ń so ilẹ̀ pọ̀ ní ègé wẹ́wẹ́, tí òjò fi ń ráyè wọlé dípò kó gbá a lọ.

Nítorí náà, mo dín ilẹ̀ títú kù, torí ó ń já òwú náà. Mo dín fatiláísà olófọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kù pẹ̀lú: irúgbìn tó bá yó kì í gba olu náà mọ́ra tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ń ta olu náà o. Bí ilẹ̀ yín bá ti ní i, owó yín ló máa ṣòfò. Ibi tó ti wúlò jù ni ilẹ̀ tí wọ́n ti ha òkè rẹ̀ kúrò, tàbí irúgbìn tí ẹ tọ́ nínú iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n sè láti pa kòkòrò inú rẹ̀. Inú ihò tí irúgbìn máa wọ̀ ni kí ẹ bù ú sí, kí gbòǹgbò lè kàn án.