Ohun Tí Wọ́n Kọ Sára Àpò Sìmẹ́ńtì

Ọjọ́bọ̀, Kàbbà.

Lónìí ni mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS2 jíròrò lórí iṣẹ́ tí ènìyàn lè ṣe ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọjà jáde. Mo bi wọ́n pé ta ni ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó wà ní Ọ̀bàjánà. Awakọ̀ tírélà àti alábàárù ni wọ́n dárúkọ. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí tírélà tó ń gba ojú ọ̀nà oníkọnkéré, kìlómítà 43 láti Ọ̀bàjánà dé Kàbbà, ni ojú wọn ń tó. Ta ni yóò mọ ẹni tó wà nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ náà?

Mo ti gba òfìfo àpò kan lọ́wọ́ bíríkìlà tó ń kọ́lé lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Mo ní kí ọmọ kan ka ohun tó wà lára rẹ̀ sókè: 50kg, 42.5R. Láti kékeré ni wọ́n ti ń rí nọ́ńbà yẹn, kò sì sí ẹni tó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ rí. Ohun tó ń sọ ni pé, lẹ́yìn ọjọ́ 28, àpòlù sìmẹ́ńtì náà gbọ́dọ̀ lè gba agbára tó tó, ó kéré tán, nítọ̀n 42.5 (nítọ̀n ni wọ́n fi ń wọn agbára) lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan kí ó tó fọ́. R ní tirẹ̀ fi hàn pé ó tètè ń le. Ẹnì kan ní yàrá àyẹ̀wò ló ń po sìmẹ́ńtì náà mọ́ yanrìn àti omi, tí ó ń dà á sínú àpótí irin tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 16, tí ó ń rẹ ẹ́ sómi, tí ó sì ń fi ẹ̀rọ fọ́ díẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ìyókù ní ọjọ́ 28.

Láti ibẹ̀ ni a ti ń padà sẹ́yìn: òkúta ẹfun tí wọ́n fọ́, tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ amọ̀, tí wọ́n sun nínú ààrò tí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 1450 lórí Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń darí ààrò náà kì í dúró ti iná. Iwájú kọ̀ǹpútà ló ń jókòó sí. Wẹ́dà wà níbẹ̀, rẹwáyà wà níbẹ̀, ẹni tó ń tún àwọn ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru ṣe náà wà níbẹ̀. N kò lòdì sí òbí tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ di dókítà tàbí lọ́yà, ṣùgbọ́n kí ló dé tí a kì í dárúkọ àwọn wọ̀nyí létí ọmọ? Ètò SIWES, tí ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, dá sílẹ̀ ní 1973, ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọ ilé-iṣẹ́ láti kọ́ṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ nígbà náà, wọ́n ti yan ẹ̀kọ́ tán.

Ọmọbìnrin kan wá nawọ́ sókè: “Àǹtí, bí ẹ bá ń retí ọjọ́ 28, ṣé wọn kò ní ti fi sìmẹ́ńtì náà kọ́lé tán?” Inú mi dùn gan-an. Mo ṣàlàyé pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ti ọjọ́ kejì, tí wọ́n sì ń bu ìyẹ̀fun náà yẹ̀ wò léraléra kí ó tó dé inú àpò. Ó béèrè ẹ̀kọ́ tí yóò kà. Mo dárúkọ Science Laboratory Technology ní pólí, mo sì ní kí ó má ṣe fi Kẹ́mísírì àti Ìṣirò ṣeré. Ó tún fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóru. Mo ní ààrò náà kì í sinmi lálẹ́, nítorí náà ẹni tó bá gba iṣẹ́ náà, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, yóò ṣe ṣíìfù.