Hard disk 1 TB tí Windows ń pè ní 931 GB

Ẹni tó bá ra hard disk 1 TB ní ọjà Queen Cinema n'Ìbàdàn, tó gbé e délé, tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, 931 GB ni Windows máa fi hàn án. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ẹni tó tajà ti rẹ́ àwọn jẹ. Ẹlòmíì á gbé e padà sọ́jà, wọ́n á sì jọ fa ọ̀rọ̀ náà títí. Ọjà náà pé. Kò sí báìtì kan, ẹyọ tí wọ́n fi ń ka ohun tí disk gbà, tó dín nínú rẹ̀. Òṣùwọ̀n méjì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń pe méjèèjì. Ẹni tó ra ìrẹsì kóńgò mẹ́wàá ní ọjà Bódìjà, tó wá fi kóńgò ilé ẹ̀ tó tóbi díẹ̀ ju ti ọjà lọ tún un wọ̀n, kò ní bá mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ìrẹsì kankan ò dà nù.

Àwọn tó ń ṣe hard disk, SSD (disk tó ń lo chip, tí nǹkan kan kì í yí nínú ẹ̀), flash àti memory card, ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ni wọ́n ń kà. KB kan jẹ́ báìtì 1,000. MB kan, 1,000,000. GB kan, 1,000,000,000. TB kan, 1,000,000,000,000. K inú KB ni kílò, òun náà ló wà nínú kìlómítà àti kìlógíráàmù. Windows ní tirẹ̀ ń fi 1,024 kà: KB kan jẹ́ báìtì 1,024, MB kan jẹ́ 1,048,576, GB kan jẹ́ 1,073,741,824. Ẹ fi GB ti Windows yìí pín báìtì tírílíọ̀nù kan, 931.32 lẹ máa rí. Ìṣirò náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Inú RAM, ìrántí tí kọ̀ǹpútà ń lò nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ni 1,024 ti wá. Wáyà tí kọ̀ǹpútà fi ń pe àdírẹ́ẹ̀sì inú RAM, ipò méjì péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè wà, 0 tàbí 1. Bí wáyà kan bá kún un, iye àyè tó lè pè á di ìlọ́po méjì: wáyà 10 lè pe àyè 1,024, wáyà 20 lè pe 1,048,576. Àwọn onímọ̀ ìgbà yẹn wá rí i pé 1,024 ò jìnnà sí 1,000, wọ́n bá yá kílò lò. Nígbà tó jẹ́ KB mélòó kan ni gbogbo RAM tó wà nínú kọ̀ǹpútà, 24 tó fi lé kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ yẹn kì í dúró sójú kan. Lórí KB, 2.4% ni. Lórí MB ó di 4.9%, lórí GB ó di 7.4%, lórí TB ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 10%. Bí ọjà ṣe ń tóbi sí i ni awuyewuye ń pọ̀ sí i.

Hard disk ò sí lábẹ́ òfin wáyà yẹn. Sector ni wọ́n ń tò sórí ẹ̀, báìtì 512 tàbí 4,096 lọ́kọ̀ọ̀kan, iye tó bá sì wu ilé-iṣẹ́ ni wọ́n lè tò. Hard disk 1 TB tó wọ́pọ̀ ní sector 1,953,525,168. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 512, ó jẹ́ báìtì 1,000,204,886,016. Ó tiẹ̀ lé díẹ̀ lórí ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí ojúlówó dáadáa, ẹ máa rí lẹ́tà tín-tìn-tín tó sọ pé GB kan níbẹ̀ jẹ́ báìtì bílíọ̀nù kan.

Ti floppy àtijọ́ ló burú jù, èyí tí wọ́n ń pè ní 1.44 MB. Ojú méjì, tráàkì 80, sector 18, báìtì 512: gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,474,560. Bí ẹ bá fi ẹgbẹ̀rún kà á, 1.47 ni. Bí ẹ bá fi 1,024 kà á, 1.41 ni. Ibo ni 1.44 ti wá? Wọ́n fi 1,024 pín in lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wá fi 1,000 pín èyí tó kù. Kò bá òṣùwọ̀n kankan mu, bẹ́ẹ̀ gbogbo ayé ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ojútùú ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1998, IEC, àjọ àgbáyé tó ń fi ìlànà lélẹ̀ fún ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́, yan orúkọ mìíràn fún ti 1,024: KiB, MiB, GiB, TiB. Lẹ́tà i kékeré kan ni wọ́n fi kún un, ó sì tó láti parí ìjà náà. Linux ń lò ó níbi púpọ̀. Apple gba ọ̀nà kejì: láti Mac OS X 10.6 ní ọdún 2009, ẹgbẹ̀rún ni Mac fi ń ka disk, ìyẹn ni hard disk kan náà fi ń jẹ́ 1 TB lórí Mac tó sì ń jẹ́ 931 GB lórí Windows. Windows ṣì ń fi 1,024 kà, ó sì ń kọ GB. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni àléébù wà. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má fi 1,024 kà, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ GiB sí i.

Fún ìṣirò orí, ẹ sọ GB ara páálí di ìlọ́po 0.931, ohun tí Windows máa sọ nìyẹn. Flash 32 á di 29.8, 64 á di 59.6, 128 á di 119.2, SSD 256 á di 238.4, hard disk 500 á di 465.7. Fún TB, 0.909 ni kẹ́ ẹ lò: 2 TB á di 1.81. Bí ohun tí ẹ rí bá tún fi díẹ̀ dín sí èyí, ìpín (apá disk tí wọ́n yà sọ́tọ̀) tí Windows fi pamọ́ fún ìmúbọ̀sípò ló gba ìyẹn, pẹ̀lú àyè tí àkójọ fáìlì fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ní ti RAM, ìṣirò yìí ò kàn án. RAM 8 GB jẹ́ 8,589,934,592 báìtì lóòótọ́. Bí Windows bá ní 7.8 GB ló ṣeé lò, ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà ló yá ìyókù.

Ibi tí òṣùwọ̀n méjì yìí ti ń kó èèyàn sí wàhálà jù ni clone, ìyẹn dída gbogbo ohun inú disk kan kọ sórí òmíràn, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù Agbowó àti Sáńgo. Oníbàárà gbé laptop wá, hard disk ẹ̀ ti ń falẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sórí SSD. Windows ní 465 GB ni hard disk náà. SSD tó wà nílẹ̀, 480 GB ni wọ́n kọ sára ẹ̀. 480 ju 465 lọ, ó dà bíi pé ó máa gbà á, àyè á tiẹ̀ ṣẹ́ kù. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀rọ clone á ní ibi tí wọ́n ń kó o lọ kéré jù. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí SSD, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà ti Windows ni wọ́n fi wé nọ́ńbà ti páálí. Hard disk yẹn jẹ́ báìtì 500,107,862,016. SSD jẹ́ 480,103,981,056, tí Windows máa pè ní 447 GB. Ó fi ohun tó lé ní báìtì bílíọ̀nù 20 kéré.

Kẹ́ ẹ tó ra SSD tàbí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, báìtì ni kẹ́ ẹ fi wé báìtì. Lórí Windows, ẹ ṣí PowerShell, ẹ tẹ Get-Disk | Select FriendlyName, Size. Iye báìtì gan-an ló máa jáde. Lórí Linux, lsblk -b ni. Lórí Mac, diskutil info pẹ̀lú orúkọ disk náà.

Bó bá jẹ́ SSD 480 yẹn náà ni owó ká, ó ṣì ṣeé ṣe, bí ohun tó wà nínú C kò bá pọ̀ jù. Ẹ kó àwọn fáìlì pàtàkì síbòmíì ná. Ẹ ṣí Disk Management, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí C, ẹ yan Shrink Volume. Ohun tí ẹ máa dín kù, ó kéré tán, jẹ́ MB 19,078; ẹ kúkú dín 25,600 kí ọwọ́ yín lè gbòòrò. Ẹ rántí pé MB ti 1,024 ni àpótí yẹn ń gbà. Bí Windows bá ní òun ò lè dín in tó bẹ́ẹ̀, fáìlì kan tí kò ṣeé sún ló jókòó sápá ìparí: ẹ pa hibernation (oorun tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ rẹ̀ sórí disk kó tó sùn) pẹ̀lú powercfg /h off, ẹ pa pagefile (fáìlì tí Windows fi ń ran RAM lọ́wọ́) fún ìgbà díẹ̀, ẹ tan kọ̀ǹpútà padà, kẹ́ ẹ tún gbìyànjú. Nǹkan kan ṣì kù tó máa ń da iṣẹ́ yìí rú. Lórí ọ̀pọ̀ laptop, ìpín ìmúbọ̀sípò wà lẹ́yìn C. Àyè tí ẹ dín kù á wá bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì, ìparí disk á ṣì jìnnà bó ṣe wà. Ẹ gbọ́dọ̀ fi GParted, ètò ọ̀fẹ́ tó ń tún ìpín disk ṣe, sún ìpín ẹ̀yìn yẹn wá síwájú, tàbí kẹ́ ẹ lo ẹ̀rọ clone tó lè tún àwọn ìpín tò fúnra ẹ̀.

Àpótí MB yìí náà ló ń jẹ́ kí ìpín máa rí wọ́gọwọ̀gọ. Ẹni tó fẹ́ ìpín 100 GB, tó kọ 100000, 97.6 GB ni Windows máa fi hàn án. 102400 ló yẹ kó kọ.

Àwọn onífídíò òde àríyá, ẹ̀yin lẹ̀ ń bá flash ṣeré jù. Fódà ìgbéyàwó tí Windows ní ó jẹ́ 61 GB kò lè wọ flash 64 GB, torí 59.6 ni flash yẹn. Ẹ wo Properties fódà náà kẹ́ ẹ tó ná owó flash: nọ́ńbà gígùn tó wà nídìí GB yẹn ni iye báìtì, bó bá ti lé ní 64,000,000,000, flash 128 lẹ máa rà. Bó bá tilẹ̀ fi díẹ̀ dín, ẹ má fún un pinpin. Lẹ́yìn èyí, FAT32, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí flash. Flash tí wọ́n ṣètò sí FAT32 kò lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó ju báìtì 4,294,967,295 lọ, bó ti wù kí àyè pọ̀ tó lórí ẹ̀. Mac lè pe fáìlì kan ní 4.2 GB kó sì wọlé. Windows lè pe fáìlì mìíràn ní 4.1 GB kó má wọlé. Ti Mac jẹ́ bílíọ̀nù 4.2, ti Windows lé ní bílíọ̀nù 4.4. Bí ẹ bá yí flash sí exFAT, ìṣòro yẹn tán, àmọ́ àwọn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan kì í ka exFAT. Fún oníbàárà tó fẹ́ máa fi tẹlifíṣọ̀n wo fídíò rẹ̀, ó sàn kẹ́ ẹ gé e sí abala tí kò tó GB mẹ́rin lọ́kọ̀ọ̀kan.

Íntánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ̀rún ló fi ń kà, bíìtì ló sì ń kà, b kékeré; bíìtì mẹ́jọ ló ń jẹ́ báìtì kan. 20 Mbps jẹ́ MB 2.5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí Linux, nínú df, àṣẹ tó ń sọ àyè tó kù lórí disk, df -h ń fi 1,024 kà, df -H ń fi 1,000 kà; nínú dd, àṣẹ tó ń da disk kọ, bs=1M jẹ́ 1,048,576, bs=1MB jẹ́ mílíọ̀nù kan.

Ó wá ku ayédèrú, torí pé àwọn kan ti fi àlàyé yìí bo ìwà jìbìtì mọ́lẹ̀. Bí flash 64 bá sọ pé 59.6, kò sí ẹ̀sùn. Bó bá sọ pé 29.8, ẹ gbé e padà kíá, òṣùwọ̀n kankan kì í jẹ ìdajì ọjà. Èyí tó le ni flash 2 TB olówó pọ́ọ́kú tó sọ pé 1.81 TB gẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ, tó sì jẹ́ pé chip 32 GB ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ẹ̀rọ inú rẹ̀ láti parọ́. Fáìlì á wọlé, orúkọ á hàn, GB á pé, ṣùgbọ́n bí àyè tòótọ́ bá ti kún, èyí tó ń wọlé lẹ́yìn á máa gun ti tẹ́lẹ̀ lórí tàbí kó kàn nù. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i lẹ máa mọ̀. Nítorí náà nọ́ńbà tó hàn kò tó láti fi dá flash láre.

Ọ̀nà tó dájú ni kẹ́ ẹ kọ nǹkan kún un tán, kẹ́ ẹ kà á padà. H2testw ń ṣe é lórí Windows: ẹ kó ohun inú flash kúrò, ẹ yan flash náà, ẹ tẹ Write + Verify. Lórí Linux àti Mac, f3write ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà f3read. Flash 64 tó ń gba MB 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa lo nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 47 láti kún, ká tó kà á padà, nítorí náà orí laptop tí bátìrì ẹ̀ dúró ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kí iná má baà já a lágbede méjì. Bí Data LOST bá jẹ́ òdo nínú àbájáde f3read, flash náà pé. Bó bá ju òdo lọ, ẹ má wulẹ̀ fi pamọ́ fún nǹkan kékeré. Ẹ fi àbájáde yẹn han ẹni tó tà á fún yín, kó dá owó yín padà.