Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Mo Ti Kúrò Ní 100 Level

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbé Olúwa ga o. Mo kọ ìdánwò tó kẹ́yìn tán lọ́sàn-án àná, mo jáde síta, mo jókòó sórí pèpéle, mo sunkún ní gbangba. Àwọn tó ń kọjá rò pé mo fìdí rẹmi ni. Rárá o, ayọ̀ ló pọ̀ lápọ̀jù.

Ẹ rántí fọ́tò mátíríkù tí mo fi síbí, èmi nínú aṣọ gbọọrọ tí mo háyà, tí mo fẹyín lórí àpáta Olúmọ. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ni oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi mọ́. Mo máa ń ta jí lóru, àyà mi á máa já. Kíláàsì kún débi pé ojú fèrèsé ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́. Ní girama, èmi ni wọ́n máa ń pè síwájú pátákó. Níbí, mo wá, n ò wá, kò sẹ́ni tó mọ̀. Èsì sáà kìn-ín-ní jáde, F wà níwájú Kẹ́mísìrì. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni A dé nínú GST, ẹ̀kọ́ gbogboògbò tí gbogbo wa ń ṣe. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún.

Bàbá kékeré kan nílé wa (ẹ mọ̀ wọ́n) ní àwọn ti sọ tẹ́lẹ̀, pé kí n wá kọ́ṣẹ́ irun, kí n yéé fowó ṣòfò. Owó ta ni? Ẹ̀yáwó NELFUND, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́, ló san owó ilé ìwé mi, àpò ilé ìwé ló lọ tààrà, wọ́n sì ń fún mi ní 20,000 náírà lóṣooṣù láti fi gbọ́ bùkátà. Kò lélé, ó sì di ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrú ìlú kí wọ́n tó máa béèrè ẹ̀. Kọ́bọ̀ bàbá kékeré ò sí níbẹ̀. Bàbá kékeré yìí kan náà ló tún ní ọmọ aráyé ló nawọ́ sí mi. Mo gbààwẹ̀, mo gbàdúrà, Ọlọ́run sì dáhùn: ìyá onílé tí mo gba yàrá lọ́wọ́ wọn ló rán.

Ọjọ́ kan ni mo pa fóònù, mo di ẹrù, ó di ibùdó rélùwéè Láderin kí n wọkọ̀ padà sí Mọ́níyà n'Ìbàdàn, kí n má wá mọ́. Ẹ̀rù ara mi ń bà mí lọ́jọ́ náà, n ò ní purọ́. Màmá onílé jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń já ewédú kúrò lára igi ẹ̀. Wọ́n wo báàgì mi.

“Ibo?”

“Ìbàdàn, mà.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Láti Ìbàdàn lọ́hùn-ún làwa Ẹ̀gbá ti sá wá sábẹ́ òkúta yìí ní 1830. Ìwọ wá ń sá padà síbẹ̀ nítorí Kẹ́mísìrì? Jókòó jàre, gba ewédú.”

Mo jókòó. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n ń fi ìjábẹ̀ lu ewédú nínú ìkòkò, tí láfún ti jinná, ni wọ́n tó sọ pé: “Inú ihò àpáta làwọn bàbá wa wọ̀ nígbà ogun, ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n lójo. Ọjọ́ tó bá le, wá wọ̀ sọ́dọ̀ mi.” Mo jẹ láfún lọ́jọ́ yẹn débi pé ojú tì mí. Àtìgbà náà, ilé ìdáná wọn ni mò ń wà nírọ̀lẹ́. Àwọn náà ló pàṣẹ fún ayálégbé tó wà ní 300 level pé kó kọ́ mi ní ìbéèrè àtẹ̀yìnwá. F yẹn ń dúró dè mí lọ́dún tó ń bọ̀, màá tún un kọ. Kó máa dúró.

Ẹ̀yin òbí, tẹ́ ẹ bá pe ọmọ, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀, ẹ má gbàyàrá níbi tí kò sí àgbàlagbà kankan nínú ọgbà. Bí oorun bá kọ̀ yín, ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì, wọn ò ní jẹ yín.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni ìdúpẹ́, Màmá ló ń se ọ̀fadà. Bàbá kékeré, àyè yín wà níwájú. Ẹ ṣáà má bi mí ní GPA, àròpọ̀ máàkì mi.