Ọmọ Tí Kì Í Ké: Ẹ̀rí Ìdúpẹ́ Mi

Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga. Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lánàá. Wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, ó wọn kílò 4.1, nọ́ọ̀sì wò mí, ó ní, "Ìyá ìkókó, ọmọ yìí mà ń jẹun o!" Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ mi lẹ́nu níwájú gbogbo àwọn ìyá tó jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ẹni tí kò mọ ibi tí a ti ń bọ̀ á rò pé wọ́n sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí mi ni.

Mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí Ọlọ́run bá mú wa la ọ̀rọ̀ yìí já, mi ò ní fi ọwọ́ bo ẹnu. Màá sì sọ ọ́ bó ṣe rí, títí kan ibi tí mo ti ṣìṣe.

Ìkúnlẹ̀ mi rọrùn, ọpẹ́ ni. Kílò 3.2 lọmọ nígbà tó dé. Ó ké dáadáa, wọ́n gbé e lé mi láyà, ọjọ́ kejì a ti wà nílé. Láti ọjọ́ kẹta ló ti dákẹ́.

Ìdákẹ́ yẹn gba àlàyé. Ọmọ yìí á sùn fún wákàtí márùn-ún, mẹ́fà, kò ní mira. Bí mo bá jí i, tí mo fi ọmú sí i lẹ́nu, á fà á lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ojú rẹ̀ á tún pa dé. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń yìn ín. "Ọmọ jẹ́jẹ́ ni." "Ẹ̀yin lẹ rí i he, tiwa kì í jẹ́ ká fojú ba oorun." Èmi náà wá ń fi yangàn. Ọ̀rẹ́ mi kan bímọ ní oṣù tó ṣáájú tèmi, oorun ti di ọ̀wọ́n fún un. Mo pè é, mo ní, "Tèmi ò yọ mí lẹ́nu rárá o." Lálẹ́ ọjọ́ náà mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìdákẹ́ ọmọ mi. Ohun tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi ni mò ń dúpẹ́ fún.

Ìlédìí ló kọ́kọ́ fẹ́ ta mí lólobó. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ṣí i, mo rí àbàwọ́n kan tó pọ́n bí ìyẹ̀fun bíríkì. Àyà mi já, mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Mo pe ọkọ mi, òun náà tẹjú mọ́ ọn. Mo fi ìka kàn án, ó gbẹ bí àtíkè. Nígbà tí a ò tún rí òmíràn títí ilẹ̀ fi ṣú, a gbàgbé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ tó ti ki jù nítorí àìjẹun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, a ò sì tún rí òmíràn nítorí pé ọmọ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ mọ́. Ìlédìí méjì péré ló tutù lọ́jọ́ yẹn. Mo tiẹ̀ fi ṣe àwàdà pé ọmọ wa mọ owó í ṣọ́. Ìgbẹ́ rẹ̀ ṣì dúdú, ó ń fà bí ọ̀dà, nígbà tó yẹ kó ti máa mọ́ bọ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sọ gbogbo èyí fún mi kí a tó kúrò nílé ìwòsàn. Ìka ẹsẹ̀ ọmọ ni mò ń kà lọ́wọ́ nígbà yẹn.

Lọ́jọ́ karùn-ún màmá mi dé. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi gbé ọmọ lọ sẹ́bàá fèrèsé. Wọ́n fi ìka kan tẹ orí imú rẹ̀, wọ́n ká ìka kúrò, wọ́n wò ó. Wọ́n tẹ àyà rẹ̀, wọ́n tún wò ó. Ibi gbogbo tí wọ́n tẹ̀ ló ń pọ́n rúsúrúsú. Wọ́n rọra la ojú rẹ̀, funfun ẹyinjú rẹ̀ náà ti pọ́n.

"Ìgbà wo lọmọ yìí jẹun kẹ́yìn?"

"Màámi, ó ń sùn ni."

"Èyí kì í ṣe oorun. Dìde, wọ bàtà."

Mo fẹ́ jiyàn. Àwọn kan ti sọ fún mi pé bó bá pọ́n díẹ̀, kí n ṣáà máa gbé e sí oòrùn àárọ̀. Òótọ́ ni pé ibà pọ́njú máa ń yọ lára ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ní bí ọjọ́ kejì sí ìkẹta, tó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ wọn ni kò tíì gbó tó láti palẹ̀ ohun pupa rúsúrúsú tó ń jáde látinú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbó mọ́. Inú ìgbẹ́ ló ń bá jáde. Ọmọ tí kò bá jẹun kò ní yàgbẹ́ tó, èyí tí kò bá yàgbẹ́, nǹkan náà á tún padà sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá pọ̀ níbẹ̀, á máa kùn ún lóorun, kò sì ní lè jẹun. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ti ń yí po lójú kan báyìí fún ọjọ́ méjì gbáko, a sì ń pè é ní ọmọ jẹ́jẹ́. Èyí kọjá ti oòrùn àárọ̀.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, ìwọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lé. Kílò 2.75. Nọ́ọ̀sì gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó tún gbé e padà, 2.75 náà ni. Ó ní kò sí ọmọ tuntun tí kì í fọn díẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, àmọ́ bó bá ti ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó ti di ọ̀ràn. Tèmi ti di mẹ́rìnlá. Wọ́n gún un ní gìgísẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán sínú ọ̀pá tín-ín-rín kan, ọmọ ò sì ké. Ẹ gbọ́ mi o, wọ́n gún ọmọ ọlọ́jọ́ márùn-ún lábẹ́rẹ́, ó kàn fa imú jọ, ó sì sùn lọ. Ibẹ̀ lẹsẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Èsì àyẹ̀wò jáde: nǹkan rúsúrúsú náà ti di 21 nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní bó bá ń gòkè sí i, ó lè wọ ọpọlọ, ó lè ba etí jẹ́, ó sì lè sọ ọmọ di aláàbọ̀ ara. Iná ni wọn yóò kọ́kọ́ fi tọ́jú rẹ̀. Bí iná ò bá tètè ṣiṣẹ́, wọn yóò pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Ọkọ mi ní kó jọ̀ọ́ kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀, ó ku ìlédìí. Wọ́n fi aṣọ funfun bò ó lójú kí iná má baà ṣe ojú náà léṣe, wọ́n tẹ́ ẹ sínú àpótí kan tí ara rẹ̀ hàn kedere, wọ́n tan iná búlúù lé e lórí. Iná yẹn ló ń yí nǹkan náà padà láti inú awọ, tí ara á fi lè dà á nù. Mo mọ ìyẹn báyìí. Lóru ọjọ́ náà, ọmọ tí wọ́n dì lójú ni mo rí. Mo ti ọwọ́ bọ ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, mo fi ìka kan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ pa dé mọ́ ọn. Kò le, àmọ́ ó pa dé. Àdúrà gígùn ò wá sí mi lẹ́nu. "Olúwa, jọ̀ọ́" ni mo ń wí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Agbẹ̀bí àgbà kan wà níbẹ̀, Ọlọ́run ló fi í ṣọwọ́ sí mi. Ó ní, "Ẹ fún un lọ́mú, ẹ jẹ́ kí n wò." Ó wò ó títí. Ó ní, "Orí ọmú lọmọ ń mu, kò tíì mu ọmú." Orí ọmú mi ti bó nígbà yẹn, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, mo sì ti gbà pé ìyà tí gbogbo abiyamọ ń jẹ nìyẹn. Ó kọ́ mi pé kí n dúró kí ọmọ la ẹnu gbàgà bí ẹni tó ń yán, kí àgbọ̀n rẹ̀ rì mọ́ ọmú, kí ó sì gba púpọ̀ nínú ibi dúdú tó yí orí ọmú ká sẹ́nu. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ọwọ́ fún wàrà sínú ife kékeré nígbà tó bá rẹ ọmọ jù láti fà á. Wákàtí méjì-méjì la ń jí i, ní ọ̀sán, ní òru. Ó ní kí n má wo agogo nìkan, kí n máa fetí sílẹ̀. Lóru kejì mo gbọ́ ọ: kẹ̀. Ó sinmi. Kẹ̀. Ó ń gbé e mì.

Nọ́ńbà náà di 17, ó di 13. Pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ kò ṣẹlẹ̀, ògo ni fún Ọlọ́run. Ní aago méjì òru ọjọ́ kẹta, ọmọ yìí fi igbe bọnu, gbogbo wọ́ọ̀dù jí. Mo ń bẹ àwọn ènìyàn, mo ń rẹ́rìn-ín. Ìyá kan ní ẹ̀gbẹ́ mi ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó ké."

Mo rò pé ẹ̀rí parí síbẹ̀ ni. Kò parí. Nígbà tí a padà sílé, èmi ni mi ò lè sùn mọ́. Bí ọmọ bá sùn, màá gbé ọwọ́ sí abẹ́ imú rẹ̀, màá máa ka èémí rẹ̀. Bí ó bá ké, màá sunkún. Bí ó bá dákẹ́, àyà mi á já. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ìyá mìíràn ni ì bá gbà á, ìyá tí ojú rẹ̀ là. Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí ẹni tó bá dé á ní, "Ọpẹ́ ló yẹ ẹ́ o, ṣé o rí ohun tí Ọlọ́run ṣe?" Mo rí i. Mo ń dúpẹ́, mo sì ń rì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọkọ mi bá mi ní ìjókòó lórí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ ní òru, mo sì sọ ọ́ tán. Kò wàásù fún mi. Ó mú mi padà sọ́dọ̀ agbẹ̀bí àgbà yẹn. Ìyẹn ní kí ojú ìyá máa ro ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì, ó wọ́pọ̀. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ tí kò lọ, àìsàn ni, ó ní ìtọ́jú, kì í ṣe àìmoore. Ó fi mí lé ẹnìkan lọ́wọ́ tí mò ń lọ bá sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ṣì ń lọ. Mo ń sùn díẹ̀ sí i báyìí. Ẹni yẹn náà wà nínú ohun tí mò ń dúpẹ́ fún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe yọ ọ́ kúrò.

Mo ti pe ọ̀rẹ́ mi tí mo fọ́nnu fún, mo tọrọ àforíjì. Ó ní òun ò tiẹ̀ rántí, oorun ló ń kun òun nígbà tí mò ń sọ ọ́.

Ẹ bá mi yin Ọlọ́run. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá mi tí kò jókòó. Wọ́n ń pè mí láti yàrá báyìí, ọmọ ti jí, ẹ̀yin náà ì bá gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo ń bọ̀, màámi.